Ìjàlọ Lẹ́nu Ọ̀nà Rìnsọ́lá

Owú ló kọ́kọ́ kó wọ ilé Fúnṣọ́ ní Ìkéré. Aburú kàn wá bá a níbẹ̀ ni.

Ọdún kejì tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ni Rìnsọ́lá gba yàrá nínú ilé náà. Ìjọba ti kó àwọn òṣìṣẹ́ láti Àkúrẹ́ wá sí Adó, Adó sì kún, kò sí yàrá. Ẹni tí kò ríbi sùn níbẹ̀ á wá sí Ìkéré, á máa wọ bọ́ọ̀sì lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀. Ọmọ Ìlúmọba ni Rìnsọ́lá, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ló ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba. Kò rẹwà ju ọmọ ẹlòmíràn lọ. Ó kàn máa ń rẹ́rìn-ín sókè, ó sì máa ń kúnlẹ̀ kí Fúnṣọ́ onílé, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ nílé wọn.

Ìkúnlẹ̀ yẹn ni Àmọ̀kẹ́, ìyàwó Fúnṣọ́, kò lè gbé mì. Epo pupa ló ń tà níwájú ilé. Á máa wọn epo fún oníbàárà, ojú rẹ̀ á wà lọ́nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tí Rìnsọ́lá bá kúnlẹ̀, á wo bí ó ṣe pẹ́ nílẹ̀ tó. Tí Fúnṣọ́ bá ní, "Dìde, ọmọ dáadáa," epo á ya sí ẹ̀gbẹ́ ìgò. Èkó ni òun àti Fúnṣọ́ ti jọ jìyà, tí wọ́n sì bí Tèmi, ọmọ wọn, kí wọ́n tó padà wálé wá kọ́ ilé. Obìnrin tó bá ọkọ rẹ̀ mu gàrí Èkó kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn wá bá a jẹ iyán Ìkéré.

"Ìyá Tèmi, ọmọdé ni jàre," ni Ìyá Ìbùkún, ayálégbé tí yàrá rẹ̀ wà lọ́wọ́ iwájú, máa ń sọ. Á wá rẹ́rìn-ín. "Àmọ́ ọmọdé náà ló ń di ìyàwó kékeré o."

Nírọ̀lẹ́ Sátidé kan, nígbà ọyẹ́, Fúnṣọ́ já ìkọ́ ilẹ̀kùn Rìnsọ́lá, ó wọlé bá a, ó sì fipá bá a lò pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ní àdápè, kò sì yẹ kó ní.

Nígbà tí Rìnsọ́lá jáde sí ẹ̀yìnkùlé, Àmọ̀kẹ́ ló bá níbẹ̀.

"Mọ́mì, Dádì já ilẹ̀kùn mọ́ mi lórí. Wọ́n fipá bá mi sùn."

Àmọ̀kẹ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó rí ìró búlúù tó ya létí. Ó yọjú wo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ìkọ́ ilẹ̀kùn nílẹ̀ tòun ti ìṣó tó fà yọ. Ó rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tí owú ń lò, kì í ṣe èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ èèyàn lórí.

"Ta ni Dádì rẹ?" ó bi í. "Ṣé bàbá rẹ ló ti Ìlúmọba wá ni?"

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Ìró tí o lọ́ mọ́yà láti balùwẹ̀, ta lo lọ́ ọ fún? Ìkúnlẹ̀ àárọ̀, ìkúnlẹ̀ alẹ́, kí lo sọ nù sílẹ̀ tí ò ń wá?"

Ìyá Ìbùkún ti ń ti ìta bọ̀, ó gbé apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. "Ọkùnrin kì í dédé ya wèrè. Ẹni tó gbé ẹran han ajá, kó má bú ajá."

"Mà, èmi kì í ṣe ẹran," ni Rìnsọ́lá wí. Ó nu ojú rẹ̀. "Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo máa dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo máa sọ ọ́ bó ṣe rí."

Aṣọ fèrèsé yàrá Fúnṣọ́ mì díẹ̀, ó sì dúró.

*

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, Fúnṣọ́ kò dúró gba oore-ọ̀fẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gun ọ̀kadà lọ sí Èmùré. Ó ní òun fẹ́ lọ rí ẹnì kan nítorí kòkó. Nígbà tó padà dé, kò sọ ọ̀rọ̀ kòkó. Láílọ́ọ̀nù dúdú kékeré ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú un wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ló mú òòlù, ó lọ kan ìkọ́ ilẹ̀kùn Rìnsọ́lá padà, ó ń súfèé.

Ohun kan ṣoṣo tí Àmọ̀kẹ́ ń rò ni pé kí ló wà nínú láílọ́ọ̀nù náà, àbí ọmọ yẹn ló rà á fún.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Rìnsọ́lá jí, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó fẹ́ wọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó dé iwájú ilé, ó fẹ́ kí ìyá kan tó ń kọjá. Ó la ẹnu. Kò sí ohùn. Èémí nìkan ló ń jáde, bíi ti ẹni tó ń fẹ́ná igi tútù. Ó fọwọ́ mú ọ̀fun. Ó tún la ẹnu, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, omi bọ́ lójú rẹ̀, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò jáde. Ó mú bírò nínú báàgì. Ìka rẹ̀ ń gbọ̀n tó fi jẹ́ pé ohun tó kọ dà bí ibi tí adìyẹ ti tú ilẹ̀.

Ẹ̀rù ba àwọn tó ń wò ó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kò ní ẹ̀rù nínú.

"Irọ́ ló há a lọ́fun," Ìyá Ìbùkún ló sọ ọ́. "Ọlọ́run kì í sùn."

Àwọn ará ọ́fíìsì ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ ní Ìlúmọba, ṣùgbọ́n oko ọ̀nà jíjìn ni bàbá wà. Títí tí bàbá fi máa dé, Rìnsọ́lá jókòó sínú yàrá, ó fa tábìlì ti ilẹ̀kùn.

Inú Àmọ̀kẹ́ ì bá dùn, bí kì í bá ṣe Fúnṣọ́. Fúnṣọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì. Á gbé e síwájú ilẹ̀kùn Rìnsọ́lá, á kan ilẹ̀kùn, á rọ ohùn. "Jẹun, ọmọ dáadáa. Ara á le." Búrẹ́dì á wà níbẹ̀ títí èèrà á fi jẹ ẹ́. Àmọ̀kẹ́ á wo búrẹ́dì yẹn. Ìgbà wo ni Fúnṣọ́ ra búrẹ́dì fún òun gbẹ̀yìn? Ọmọ tó yadi pàápàá ló ń gbà á lọ́wọ́ òun!

Lọ́jọ́ ọjà Ìṣẹ́, ó de gèlè wálẹ̀ dé ìpéǹpéjú, nítorí akọrin ni nínú ìjọ, kò fẹ́ kí wọ́n dá òun mọ̀. Ó wọ bọ́ọ̀sì.

*

Èèpo igi àti egbò ni Ìyá Bánjọ ń tà ní Ìṣẹ́, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀. Arúgbó ni, ojú rẹ̀ kan ti fọ́. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í ra egbò nìkan lọ́wọ́ rẹ̀.

"Obìnrin kan ń wá bá ọkọ mi," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

"O rí i?"

"Mo mọ̀."

"N kò bi ọ́ pé o mọ̀. Ojú rẹ rí i?"

"Màmá, ṣé ẹ ó ṣe é, àbí kí n lọ síbòmíràn?"

Ìyá Bánjọ rẹ́rìn-ín. Ó wọlé lọ, ó pẹ́ kó tó jáde. Ìyẹ̀fun kan ló gbé wá nínú ewé, ó dúdú, ó sì ń rùn bí ibi tí òjò ti pa iná ìgbẹ́.

"Ẹnu ọ̀nà ta lo fẹ́ kù ú sí?"

"Ẹnu ọ̀nà ọkọ mi. Ibẹ̀ ló ń wá."

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

"Ó dáa. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí kò mọ ìyàwó, kò mọ àlè. Kò mọ orúkọ. Ẹsẹ̀ ló mọ̀. Ẹsẹ̀ tó bá gbé e rìn níbi tí kò tọ́, ohun tí ń rìn nílẹ̀ á tọ ipa rẹ̀ lọ, á tọ̀ ọ́ bọ̀." Arúgbó náà fi ojú kan tó kù wò ó. "Ìwọ, máa fo ibẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá kù ú kò lè kó o mọ́. Tí o bá tún ro ọ̀rọ̀ náà wò, gbé e padà fún mi nísinsìnyí."

Àmọ̀kẹ́ ti dì í sí etí ìró.

*

Ó kù ú sí ẹnu ọ̀nà Fúnṣọ́ nígbà tí Fúnṣọ́ wà lóko. Láti ọjọ́ náà, kí ìdájí tó mọ́, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Ẹsẹ̀ obìnrin ló ń wá, ẹsẹ̀ tó wọlé.

Kò rí ẹsẹ̀ tó wọlé. Ẹsẹ̀ ọkùnrin ló rí, gbàǹgbà, ìka rẹ̀ kọjú síta.

Ilé ìgbẹ́ ló lọ, ni Àmọ̀kẹ́ sọ fún ara rẹ̀.

Ọwọ́ ọ̀tún ni ilé ìgbẹ́ wà. Ọwọ́ òsì ni ẹsẹ̀ náà yà sí. Yàrá kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ òsì.

Ó mú ìgbálẹ̀, ó gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà kíákíá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ó gbá a títí dé iwájú ilẹ̀kùn Rìnsọ́lá. Níbẹ̀ ló ti rí i pé ìkọ́ tí Fúnṣọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn ti tún ń yẹ̀ lára igi, bí ìgbà tí ẹnì kan fi èjìká tì í. Nínú yàrá lọ́hùn-ún, ó gbọ́ èémí: èémí ẹni tó jókòó ti tábìlì, tí kò sùn. Àmọ̀kẹ́ gbé ìgbálẹ̀ sókè kó má baà dún mọ́. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ló fẹ́ sọ? Ó padà lọ dáná.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, abo adìyẹ rẹ̀ kan gun orí odi, ó kọ bí àkùkọ. Wọ́n pa á lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jẹ ẹran rẹ̀. Ọyẹ́ sì bo Òkè Olósùnta mọ́lẹ̀, tí ẹni tó dojú kọ ibẹ̀ kò rí nǹkan kan àfi funfun.

*

Igbe Ìyá Ìbùkún ló jí wọn.

"Ìjàlọ o! Ẹ gbé eérú wá! Ẹ gbé kẹrosíìnì!"

Ilẹ̀ ti mọ́. Àmọ̀kẹ́ sá jáde, ó sì dúró bí òpó. Ìjàlọ ti wọ ilé rí. Kò sí ẹni tó ń gbé Ìkéré tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọ́n máa ń bo ilẹ̀ ni, wọ́n á gun ògiri, wọ́n á wọ ìkòkò. Ìwọ̀nyí kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n tò, ó pupa, ó sì nípọn bí okùn ìdè ewúrẹ́. Láti ẹnu ọ̀nà Fúnṣọ́ ni ìlà náà ti bẹ̀rẹ̀. Ó yà sí òsì. Ó dúró lójú kan, ó tún fo ìwọ̀n ìṣísẹ̀ kan, ó tún dúró, bí ìgbà tí èèyàn ń yọ́ rìn. Ó dé iwájú ilẹ̀kùn Rìnsọ́lá, ó gorí igi ilẹ̀kùn lọ sí ibi ìkọ́, ó gbá jọ síbẹ̀. Àlàfo wà lábẹ́ ilẹ̀kùn náà tí ọwọ́ èèyàn lè wọ̀. Ẹyọ ìjàlọ kan kò gba ibẹ̀ wọlé.

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tọ ojú ipa kan náà padà, wọ́n wọ yàrá Fúnṣọ́.

Fúnṣọ́ fò jáde pẹ̀lú ṣòkòtò penpe, ó ń ké. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n bò, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Kò sí ọ̀kan lókè ibẹ̀.

Ìyá Ìbùkún gbé eérú lọ́wọ́, kò dà á. Ó ń wo ilẹ̀kùn kan, ó ń wo èkejì.

Wọ́n wọ́ tìmùtìmù Fúnṣọ́ jáde kí wọ́n lè gbọn ìjàlọ kúrò lára rẹ̀. Àmọ̀kẹ́ ló di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Nǹkan kan bọ́ láti abẹ́ rẹ̀, ó dún ko lórí sìmẹ́ǹtì. Àgádágodo ni, ó wà ní títì. Wọ́n fi òwú pupa wé e, àkísà búlúù sì wà lábẹ́ òwú náà. Àmọ̀kẹ́ mọ aṣọ yẹn. Ó mọ ìró tó ya létí.

Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí Ìyá Ìbùkún má baà rí i.

*

"Gbé e fún mi," ni Fúnṣọ́ wí. Ó jókòó sórí àga, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàsíà omi gbígbóná. Wọ́n ti wú bí iṣu òkìtì.

"Ẹ sọ fún mi pé òun ló wá bá yín."

"Òun ló wá bá mi."

"Bàbá Tèmi, ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá báni, kí la ń fi àgádágodo ti ẹnu rẹ̀ sí?"

Fúnṣọ́ fa ẹsẹ̀ kan yọ nínú omi. Lẹ́yìn náà ó rọ ohùn, ohùn búrẹ́dì. "Àmọ̀kẹ́. Bàbá ọmọ yẹn ń bọ̀ lọ́la. Bàbá Ọlọ́runtọ́ba, olórí ẹbí wa, á jókòó sí i. Ọmọ ò lè sọ̀rọ̀. Wọ́n á ní kó tọrọ àforíjì, á kó ẹrù rẹ̀. O ò ní rí i mọ́ láé. Ìwọ àtèmi nìkan. Ṣé kì í ṣe ohun tí o ti ń fẹ́ nìyẹn?"

Ohun tó ti ń fẹ́ ni. Ìyẹn ló burú nínú rẹ̀. Ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu bí oyin: ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣófo, ọkọ rẹ̀ lórí àga, kò sí ẹni tó ń kúnlẹ̀. Kó kàn panu mọ́ ni.

"Mo ti jù ú sí ṣáláńgá," ni Àmọ̀kẹ́ wí. Etí ìró rẹ̀ ló wà. Ó ní òun ń lọ gba epo. Ó wọ bọ́ọ̀sì Ìṣẹ́.

Ìyá Bánjọ kò fọwọ́ kan àgádágodo náà. Ó fi igi yí i padà. "Ọwọ́ Èmùré nìyí. Wọn ò ṣe kọ́kọ́rọ́ fún un."

"Kò lè ṣí?"

"Ẹnu ni wọ́n fi tì í, ẹnu ni yóò ṣí i. Ẹni tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ tó sì dákẹ́, òun ni kó sọ ọ́, lójú ọ̀sán, lójú ẹni tó ṣe é. Tó bá fi ẹyọ kan pamọ́, kò ní ṣí. Tí ọmọ náà bá sì kúrò nínú ilé yẹn ní yíyadi, ó parí nìyẹn."

Àmọ̀kẹ́ tún dì í sí etí ìró. "Màmá, gbogbo èébú tí mo bú ọmọ yẹn... ṣé kì í ṣe pé ọkọ mi ti fi oògùn mú èmi náà?"

"Aṣọ tìrẹ wà nínú òwú yẹn?"

"Kò sí."

"Owú ni, nígbà náà. N kì í ta egbò owú. Dìde, bọ́ọ̀sì rẹ ń lọ."

*

Wọ́n jókòó ní pálọ̀ ní ọ̀sán gangan. Bàbá Rìnsọ́lá, àgbẹ̀, di fìlà rẹ̀ mú lórí orúnkún. Rìnsọ́lá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó rù, ó tẹ́jú mọ́ ilẹ̀. Fúnṣọ́ na ẹsẹ̀ tó wú sórí àpótí. Bàbá Ọlọ́runtọ́ba ló ń sọ̀rọ̀.

"Ọmọ mi, a ti bi ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. O ò fèsì. Orúkọ èèyàn kì í ṣe ohun à ń fi ṣeré. Kúnlẹ̀, kí o tọrọ àforíjì lọ́wọ́ onílé rẹ, kí bàbá rẹ máa mú ọ lọ ní àlàáfíà."

Bàbá Rìnsọ́lá wo ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ nǹkan kan, ohunkóhun. Rìnsọ́lá la ẹnu. Èémí ló jáde. Orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀.

"Má kúnlẹ̀," ni Àmọ̀kẹ́ wí.

Ó tú etí ìró, ó gbé àgádágodo náà ka orí tábìlì. Fúnṣọ́ fẹ́ dìde, ẹsẹ̀ kọ̀ fún un.

"Ọkọ mi ló já ilẹ̀kùn ọmọ yìí. Mo rí ìkọ́ nílẹ̀, mo rí ìṣó tó fà yọ. Òun ló tún un kàn lọ́jọ́ kejì. Wọn kì í já ilẹ̀kùn ẹni tó ṣí i síni. Ó fipá bá a lò pọ̀, ó wá lọ sí Èmùré lọ ti ẹnu rẹ̀ pa. Èmi náà lọ sí Ìṣẹ́. Mo ku oògùn sí ẹnu ọ̀nà ọkọ mi láti fi mú ọmọ yìí. Ọkọ mi ló mú."

"Ìwọ, akọrin?" ni Bàbá Ọlọ́runtọ́ba wí.

"Èmi, akọrin."

Gbogbo wọn wo àgádágodo. Kò mì.

Fúnṣọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Ó ti parí? Ẹ̀yin bàbá, ẹ rí i fúnra yín. Owú ló ń da obìnrin yìí láàmú láti ọjọ́ tí ọmọ yìí ti dé. Ẹ bi Ìyá Ìbùkún."

Àmọ̀kẹ́ mọ ẹyọ tó kù. Láti Sátidé yẹn ló ti ń ṣọ́ ọ kó má baà wá sí òun lọ́kàn. Tó bá ti fẹ́ wá, á wá iṣẹ́ ṣe. Kò wo ẹnikẹ́ni.

"Mo ń gún iyán lẹ́yìnkùlé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà," ó ní. "Ó pariwo. Ó ní, ẹ gbà mí. Mo gbọ́ ọ. Mo dá ọmọ odó dúró." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ méjèèjì. "Mo rò ó lọ́kàn pé, ohun tó ń wá ló rí yẹn. Mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í gún un. Mo gún un kíkankíkan, kí n má baà gbọ́."

Àgádágodo náà já, tá, lórí tábìlì.

Rìnsọ́lá wúkọ́. Ó wúkọ́ títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tí ohùn dé, ó há, ó sì kéré, ṣùgbọ́n gbogbo pálọ̀ gbọ́ ọ.

"Fúnṣọ́ já ilẹ̀kùn mi. Mo ní kó má ṣe é. Ó ṣe é. Ó tún padà wá ti ilẹ̀kùn náà lẹ́yìn ìgbà yẹn." Ó dìde. "Bàbá mi, ẹ jẹ́ ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá."

Bàbá rẹ̀ dé fìlà. Kò wo Fúnṣọ́. Bóyá ó mọ ohun tí òun máa ṣe tí òun bá wò ó. Bàbá Ọlọ́runtọ́ba ń pe Ọlọ́run.

"Àmọ̀kẹ́!" Fúnṣọ́ ké. "Tí o bá tẹ̀lé wọn, má padà sínú ilé yìí o!"

Àmọ̀kẹ́ ń tún ìró rẹ̀ ró. Nígbà tó gbójú sókè, Rìnsọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjú sí i. Kò sí ìkúnlẹ̀ mọ́. Kò sì sí ìbínú, èyí tí Àmọ̀kẹ́ ì bá mọ bí òun á ṣe gbà.

"Mo gbọ́ nígbà tí odó dákẹ́," ni Rìnsọ́lá wí. "Mo rò pé ẹ ń bọ̀ ni."

Ó yípadà, òun àti bàbá rẹ̀ bọ́ sójú títì. Àmọ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn. Wọn kò dúró dè é, kò sì pè wọ́n.